Láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ọ̀sà: Ọkọ̀ Tí Apẹja Òkè-Ògùn Yóò Háyà

[Ìró àjẹ̀ nínú omi. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]

AṢÀLÀYÉ: Ìtòsí Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba Òkè-Ògùn kọjá, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì lọ dà sínú ọ̀sà Èkó. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Yemọja ló di odò nígbà tó ń sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀, Òkèrè ti Ṣakí, lọ sí òkun. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, omi tó ń lọ sókun kò ṣàjèjì sí wa. Ìgbì ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Láyé ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí dáàmù Ìkẹ́rẹ́, nítòsí Ìṣẹ́yìn. Iná mẹ̀nàmẹ́ná àti omi oko ni wọ́n torí rẹ̀ sé odò mọ́. A retí iná náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹja kò dúró dè é. Àrọ̀ àti ẹpìyà ń jáde níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbègbè wa ti mọ àjẹ̀ dì mú. Bí irú wọn bá wá di ọ̀pá ìwọ̀ mọ́ ẹrù, tí wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Èpé tàbí Àgbádárìgì nígbà ìsinmi, wọ́n á rò pé omi ni omi í jẹ́.

[Ìró ìgbì òkun.]

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dún yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ́nà jínjìn lójú òkun Àtìláńtíìkì ló ti ìgbì náà wá. Bó bá dé ibi tí omi ò ti jìn mọ́, á dìde, á sì fọ́ létíkun. Bó bá bá ọkọ̀ ní ìbú, á dojú rẹ̀ dé. Ìṣàn omi kan tún wà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ etíkun Èkó lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń wo ìwọ̀ nìkan kò ní tètè mọ̀ pé òun ti jìnnà síbi tí òun ti gbéra. Nítorí náà, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́: ẹni tó jẹ́ pé Ìkẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀, kó má gbé kayak, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀, wọ òkun. Ọ̀sà ni kó lọ.

Kayak yìí, àwọn Inuit, ará ilẹ̀ yìnyín, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, tí wọ́n na awọ ẹran omi bo egungun igi. Ike ni wọ́n sábà fi ń ṣe ti òde òní. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, inú rẹ̀ lèèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Bó bá yí, yóò mu omi bí igbá. Èkejì, orí rẹ̀ lèèyàn ń jókòó sí, ihò wà lára rẹ̀ tí omi tó bá dà sórí rẹ̀ ń gbà padà sódò. Èkejì yìí ni kí apẹja háyà. Kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 13, kó sì fẹ̀ ju íńṣì 30 lọ. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sáré nígbà tí ọ̀bọ̀kún bá ń fa ìwọ̀?

Ẹ wo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ má lò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Bí ara yín bá wọn kílò 80, tí ẹrù jẹ́ kílò 20, ọkọ̀ tó lè gbé 150 ló tọ́ sí yín.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibi ìgbafẹ́, eré ni wọ́n fi ń ṣe, kò sí ibi tí a ń ki ọ̀pá ìwọ̀ bọ̀ lára wọn. Ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, ọmọ ìyá Lander, Richard àti John, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹta ọdún 1830, wọ́n gba Kìṣí wa níbí kọjá lọ sí Bùsà, àìrí ọkọ̀ sì dá wọn dúró létí odò Ọya. Wọn ò ní fóònù.

[Ìró ọjà ẹja.]

Tí ẹ bá bi mí, ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ onígi pẹ̀lú ẹni tó ni ín ni kí ẹ háyà. Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gùn tí wọ́n bí sétí omi mọ ibi tí ẹja wà, ó sì mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ọjọ́ kejì, ẹ wá gba kayak, láàárọ̀, nítorí atẹ́gùn òkun sábà máa ń le lọ́sàn-án. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ò ṣeé fi sílẹ̀. LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi l'Ékòó, sọ ọ́ di dandan, wọn ò sì fọwọ́ sí ìrìn alẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ fà á wò léjìká: bó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò bóyá ó ti sán, ẹ mì í kí ẹ gbọ́ bóyá omi wà nínú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ń lọ ní Kérésì, kó mọ̀ pé kùrukùru ọyẹ́ lè bo ọ̀sà láàárọ̀. Ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ gbéra kí òdìkejì tó hàn. Ẹ bi í tẹ́lẹ̀ bóyá wákàtí tí ẹ fi dúró yẹn wà nínú owó háyà.