Igi padouk ti Gabon: Ohun tó yẹ kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe kí ẹ̀rọ àti eruku má baà ṣe é léṣe

Láti ọdún 2010 ni ìjọba Gabon ti fòfin de kíkó ìtì igi tí wọn kò tíì là lọ sókè òkun. Látìgbà náà, inú Gabon gan-an ni wọ́n ti ń la gẹdú, pàápàá ní Nkok tí kò jìnnà sí Libreville.

Òfin náà mú iṣẹ́ wá, àmọ́ eruku bá a wá.

Padouk wà lára àwọn igi náà. Ìbátan igi osùn tí Yorùbá mọ̀ ni, ìdí nìyí tó fi pupa bẹ́ẹ̀.

Kó gbẹ ná

Ojú ibi tí wọ́n ti gé igi tútù máa ń yára gbẹ ju àárín rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń sán. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi àbẹ́là yíyọ́ kùn ún.

Abọ́ tí yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, torí yóò wọ́ bó ṣe ń gbẹ. Wọ́n á fi sínú àpò bébà fún oṣù mélòó kan, wọ́n á sì máa wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dínkù mọ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Ìgbà náà ni wọ́n á gbé e padà sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀rinrin pọ̀ ní Libreville. Igi tó gbẹ níbẹ̀ ṣì lè sán nínú ilé tí wọ́n ń mú gbóná ní Yúróòpù.

Lórí ẹ̀rọ

Igi tó ti sán lè fò lórí ẹ̀rọ tó ń yí, kó sì gba òṣìṣẹ́ lójú. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ yí i wò, kó bo ojú, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ lè fa ìbọ̀wọ́ tàbí apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ mọ́ra.

Eruku

Lọ́dún 1995, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO kéde pé eruku igi ń fa jẹjẹrẹ. Imú ló máa ń mú jù. Eruku padouk tún lè mú kí ara máa yún èèyàn, tàbí kó dá ikọ́ sílẹ̀.

Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò tó. Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló yẹ. Kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì pààrọ̀ aṣọ kó tó lọ gbé ọmọ rẹ̀ nílé.