Góòlù Mẹ́rin Agadir, Góòlù Mẹ́ta Uyo
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Nyanya, Àbújá

  

Ìbéèrè kékeré ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbi tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù: bí eléré bá ṣe ohun tí ojú kì í sábà rí, ṣé ọ̀wọ́n rẹ̀ nìkan tó kí a fi gbé e gẹ̀gẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Amẹ́ríkà. Nínú béésìbọ́ọ̀lù, ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù yóò sáré. Ó lè dé béèsì kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta. Ó sì lè gbá a kọjá ọgbà, kí ó yí gbogbo béèsì ká délé. Ẹni tó bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú eré kan ṣoṣo, wọ́n á ní ó ti ṣe cycle, orúkọ rẹ̀ á sì wọ̀wé. Ẹ bá mi ṣírò: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, béèsì 10. Ẹlòmíràn dé béèsì kejì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbá a kọjá ọgbà lẹ́ẹ̀mejì. Béèsì 12 ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lórúkọ. Ẹni 10 ni ariwo ń tẹ̀ lé.

Onídìí ayò á rẹ́rìn-ín. Ọmọ 48 ló wà nínú ọpọ́n. Bí ọ̀ta ayò bá jẹ méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta nínú ihò mẹ́rin tó tẹ̀ léra, òǹwòran á hó yèè. 10 náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìdí kíkà, ẹni tọ́mọ rẹ̀ bá ju 24 lọ ló jayò, ì báà jẹ́ méjì-méjì ló fi ṣà wọ́n jẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 2022, ní Agadir ní Morocco, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Super Eagles, na São Tomé and Príncipe ní 10 sí òdo. Victor Osimhen nìkan jẹ mẹ́rin. Ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, mẹ́fà sí òdo ló kù. A ṣì borí náà ni.

Uyo yàtọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Benin ló ń ṣíwájú wa lọ́nà Ife Àgbáyé, àmì 17 sí 14. Osimhen jẹ mẹ́ta, Frank Onyeka fi ẹ̀kẹrin lé e. Àwa náà di 17. Góòlù ló wá yà wá. Tí a bá yọ iye tí wọ́n jẹ wá kúrò nínú iye tí a jẹ, 7 ló kù fún wa, 1 fún Benin. Ẹ wá mú mẹ́ta Osimhen kúrò: tiwa á dín sí 4, ti Benin á gòkè dé 4, ojú a dọ́gba. South Africa, tó wà nínú ìsọ̀rí kan náà, ló gbapò kìíní, àwa ṣe ìkejì, a sì wọ ìdíje àṣekún. Pé DR Congo fi pẹnárítì lé wa dànù níbẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e kò dín mẹ́ta yẹn kù.

Mẹ́rin ṣọ̀wọ́n ju mẹ́ta lọ, mẹ́ta ló wúwo.

Ẹnì kan lè ní kí n má ba ayọ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Ìbejì kì í ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá, Igbó-Ọrà kún fún wọn, síbẹ̀ a kò yé jó fún wọn. Ẹ jó fún cycle, ẹ jó fún Agadir. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ẹnì kan ṣe aṣáájú ni kí ẹ gbé òṣùwọ̀n jáde.

Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi jáde. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní Dallas, Rashidi Yekini jẹ góòlù kan péré. Àwọ̀n Bulgaria ló jẹ ẹ́ sí, òun sì ni góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ jẹ nínú Ife Àgbáyé. Kò sẹ́ni tó ní orúkọ fún ẹyọ kan. Yekini ni mo fi ṣáájú.