Ajá Ilé Ìpàdé àti Àjẹkù Ọdún

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka Kaduna)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa dópin.

Gbogbo yín lẹ mọ ajá tí ó ń bá mégádì ṣọ́ ilé ìpàdé wa. Ní Iléyá tí ó kọjá, nígbà tí a jẹ tí a mu tán, a kó àjẹkù jọ sínú bàsíà, a gbé e fún un: ìrẹsì, ọbẹ̀ ata, àti àlùbọ́sà tí a dín mọ́ ẹran. Inú wa dùn pé ajá náà bá wa ṣọdún. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè dìde mọ́. Èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi sobo. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kú.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Àwọn kan nínú wa ní aládùúgbò kan, tí ó ti ń ráhùn nítorí gbígbó ajá, ni ó fún un ní májèlé jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ lọ bá a nílé. Ìlú tí a ń gbé yìí ti rí ìjà rí, pàápàá ní ọdún 2000. A mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré ti í di ńlá. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà tí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ bi dókítà ẹranko. Dókítà bi wá ní ohun tí ajá jẹ. Nígbà tí a kà á tán, ó ní àlùbọ́sà ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: àwa fúnra wa ni a pa ajá wa, inú rere ni a sì fi pa á.

Ohun tí a kọ́ nìyí. Àlùbọ́sà àti aáyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́. Sísè kò pa oró wọn, gbígbẹ àti lílọ̀ kò sì pa á. Nítorí náà, ẹ má fún ajá ní ọbẹ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, tàbí sùyà oníyàájì. Gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kan nínú ìwọ̀n ara ajá ti tó ṣe jàǹbá. Fún ajá oníkílò 15, àlùbọ́sà ńlá méjì ti tó. Àìsàn náà kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí ó jẹ ẹ́. Ó lè di ọjọ́ bíi mélòó kan.

Eegun àgbò tàbí ti adìyẹ tí a ti sè a máa ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì lè gún ìfun. Ọ̀rá ẹran púpọ̀ lè dá inú rírun tí í pa ajá sílẹ̀. Bí ó bá di Kérésìmesì, ṣokoléètì, ọtí, àti kéèkì tí ó ní èso àjàrà gbígbẹ nínú kò yẹ ẹ́. Èso àjàrà lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 2022, àwọn dókítà ẹranko kọ ọ́ pé àwọn ajá tí ó jẹ àjàgbọn, tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya, ní irú àìsàn kíndìnrín kan náà; ásíìdì kan tí ó wà nínú méjèèjì ni wọ́n fura sí. Àwa tí a ń mu kunu tsamiya níhìn-ín, ẹ má jẹ́ kí ajá lá ìsàlẹ̀ igbá.

Kí ni ajá lè bá wa jẹ, nígbà náà? Ìrẹsì funfun, iṣu, ọ̀dùnkún, elégédé àti káróòtì tí a sè, ẹyin sísè, ẹran tí kò lọ́ràá tí kò sì léegun, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, tùwó láìsí ọbẹ̀. Kí ẹni tí ó ń dáná bu ti ajá sọ́tọ̀ kí iyọ̀, ata, mágì àti àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò. Kí ohun ọdún náà má sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ.

Bí ó bá ṣèèṣì jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ àlùbọ́sà, ó sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ẹ sọ ohun tí ó jẹ àti iye rẹ̀, ẹ má tijú.

A ti lọ bẹ aládùúgbò wa. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ó sì bá wa dárò ajá náà. Àwa tí a jìnnà sílé, aládùúgbò ni ẹbí wa. Ní ọdún tí ó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé bàsíà àjẹkù kalẹ̀ mọ́. Mégádì nìkan ni kí ó máa fún ajá tuntun wa lóúnjẹ.

Ọdún á yabo o.