Ọjọ́ 520 Nínú Ilé Tí Kò Ní Fèrèsé



Ẹ jẹ́ n bi yín: ta ló lè bá ẹni 5 gbé inú ilé kan fún ọjọ́ 520 láìyọjú síta? Àwọn ọkùnrin 6 ṣe é ní Moscow, láti oṣù kẹfà ọdún 2010 di oṣù kọkànlá ọdún 2011. Ará Rọ́ṣíà 3, ará Faransé, ará Ítálì àti ará Ṣáínà. Wọ́n ń fi ara wọn dán ìrìn àjò Mars wò láìkúrò lórí ilẹ̀.

Fèrèsé kò sí. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ìta, èsì lè pẹ́ ju 20 ìṣẹ́jú lọ, torí bí ó ti máa rí lójú ọ̀nà Mars nìyẹn. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ara wọn ń lọ́ra, oorun sì da púpọ̀ nínú wọn láàmú. Síbẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló parí ẹ̀.

Àwa tá a gbé hòsítẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé ahọ́n pẹ̀lú eyín a máa jà. Ẹni tó bá dákẹ́ ló yẹ ká bẹ̀rù fún. Ẹgbẹ́ wa náà ní àwọn tó ti dákẹ́. Mars kò sí láàárín àwa àti wọn. Ẹ pè wọ́n kílẹ̀ òní tó ṣú.