Ọmọ Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Ìlera Nígbà Ìsinmi, Ẹ Jẹ́ Ká Fún Un Lówó

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àyẹyẹ ọdún kẹwàá

  

Alága ní ká sọ̀rọ̀ ṣókí nípa iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. A ó sọ ibi tó ti dára, a ó sì sọ ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a rí i pé nọ́ọ̀sì ń dín kù nílé ìlera àdúgbò wa. Àwọn kan ti lọ sí Ìlú Ọba, àwọn kan ti lọ sí Kánádà. Ẹ bi àwọn ọmọ SS2 wa, wọn á ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì làwọn fẹ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ò wọ ilé ìwòsàn rí àfi lọ́jọ́ tí ibà bá dá wọn dùbúlẹ̀. A bá mú ọmọ 8 lọ bá ìyá àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀, pé kó jẹ́ kí wọ́n fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. A rán aṣọ funfun fún wọn, a ya fọ́tò, a gbé e sórí WhatsApp. Kọ́bọ̀ kan a ò fún wọn. A rò pé ìmọ̀ náà ti tó.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku ọmọ 3. Inú bí wa. A ní ọmọ ayé ìsinsìnyí ò fẹ́ ìyà. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ní ká má tíì bínú, òun fẹ́ lọ wò wọ́n nílé. Ọmọbìnrin tí àwọn nọ́ọ̀sì ń yìn jù lọ, inú gáráàjì ló ti bá a, tó gbé búrẹ́dì rù. Ìyá ọmọ náà ní, “Mọ̀mí, mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ṣe dára. Ṣùgbọ́n ìsinmi yìí lọmọ yìí fi ń wá owó ìwé tó máa fi wọlé padà. Bó bá jókòó sílé ìwòsàn, ta ni yóò bá mi san án?”

Ẹnu wa wọhò. A wá wo àwọn 3 tó kù: ọmọ àwọn tó rí jẹ ni gbogbo wọn, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ àwa ọmọ ẹgbẹ́ gan-an. Ohun tí a pè ní ìrànlọ́wọ́ fún mẹ̀kúnnù, ọmọ tiwa la gbé e fún.

Ìjọba ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà ń jẹun. Ọdún 1971 ni wọ́n dá àjọ ITF sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti pólì lọ síbi iṣẹ́, tí owó àjẹmọ́nú sì wà fún wọn, bó tilẹ̀ máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n SIWES kò dé ilé ẹ̀kọ́ girama, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lọmọ ti ń pinnu ohun tó máa kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB.

Lọ́dún tó kọjá, a tún un ṣe. Ọmọ 10, ọ̀sẹ̀ 6, ₦5,000 lọ́sẹ̀. ₦30,000 ló kan ọmọ kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦300,000, yàtọ̀ sí oúnjẹ ọ̀sán. Nítorí pé iṣẹ́ báńkì là ń ṣe, a ní a ò ní kó o lé wọn lọ́wọ́. Òbí bá ọmọ ṣí àkáǹtì, gbogbo ọjọ́ Ẹtì lowó ń wọlé. Àwọn 10 ló parí ẹ̀kọ́. Ọlọ́búrẹ́dì wa náà padà wá.

Wọn ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ lẹ́nu aláìsàn, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́, bí a ṣe ń to káàdì, bí a ṣe ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n lójú nọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá: kéèyàn kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí apá wà ní déédéé àyà. Bó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Wọ́n tẹ̀lé nọ́ọ̀sì lọ sọ́jà, wọ́n ń sọ fáwọn ìyá wa pé iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, ti inú Maggi ńkọ́.

Nípàdé oṣù kẹjọ, wọ́n wọn tiwa náà. Ẹ̀rín là ń rín títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa. Ọmọ náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó pe nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ náà gan-an la gbé arákùnrin wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó wà láàárín wa lónìí, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ bá wa dúpẹ́.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé nígbà tí àwọn kọ́ṣẹ́, àwọn ló sanwó fún ọ̀gá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá lọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ń sùn, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, iṣẹ́ ló sì wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba fúrídọ̀ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ 6 kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì, ọ̀nà ló fi hàn án. Ẹni tí ebi ń pa kò sì lè dúró wo ọ̀nà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí iṣẹ́ yìí di ti ọdọọdún, kí ọmọ 10 di 20. ₦600,000 ni owó ọwọ́ wọn. Àwa 60 la wà nínú ìwé ẹgbẹ́: ₦10,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Fìlà àti gèlè tí a rà fún Ojúde Ọba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì, ọmọ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi síbẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ san tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó má gba àyè ọmọ ẹni tí kò ní.

Ìwé wà lórí tábìlì akápò. Kẹ́ ẹ tó lọ jókòó ti ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ọ̀gbà wa kò ní dín.