Etí Tí Ó Gbọ́ Ìpè Ìrun, Ó Yẹ Kí Ó Gbọ́ Wáàsí

  



Àwọn tí ó ṣáájú wa ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀san ẹni tí ó bá kọ́ ilé Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ etí ni àwa mú wá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe wa. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé kéwú wa nígbà kan. Ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí. Bí a bá pè é, kò ní dáhùn; bí a bá ka Síínì fún un, yóò ka Ṣíínì. A pè é ní olóríkunkun, a sì fi pàṣán nà án. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ni a tó mọ̀ pé ọmọ náà kò gbọ́ wa ni. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tọmọ tìyá, a sì mú un wá sí iwájú, ṣùgbọ́n pàṣán tí ó ti ba ẹ̀yìn kò ṣeé kó padà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wo sáfù wa dáadáa. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n ń mi orí bí Lèmọ́mù bá ń ṣe kútúbà, ṣùgbọ́n bí a bá ti kírun tán, wọn yóò fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ààfáà, kí ni Lèmọ́mù wí?" Ọ̀kan nínú wọn ti dáwọ́ Jímọ̀ọ̀ dúró. Ó ní kí ni òun ń wá jókòó ṣe bí òpó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gan-an. Wọn kò sì dá nìkan wà. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí etí wọn kò pé lágbàáyé lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, tí 430 mílíọ̀nù nínú wọn sì nílò ìrànlọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi kún ohùn hóònù. Hóònù kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí ohùn bá ti sípíkà jáde, yóò kọlu ògiri, òpó àti táìsì, yóò sì padà wá da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí àgbàlagbà fi sétí kì í sábà mọ ohùn Lèmọ́mù yàtọ̀ dáadáa sí ti fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti ọmọdé tí ń sunkún. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé wọlé pọ̀. Ariwo sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, àjọ LASEPA ní Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo.

Ohun tí ó yẹ ni kí ohùn ti ẹnu máìkì Lèmọ́mù lọ tààrà sí etí ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a mọ̀.

Èkínní, wáyà tí a ń tẹ́ yí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ká lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Joseph Poliakoff ni ó gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1937. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí ó bá ní ibi tí a ń pè ní T yóò gbọ́ ohùn náà láìsí ariwo fáànù. Ṣùgbọ́n irin inú ilẹ̀ máa ń fa agbára rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lẹ táìsì.

Èkejì, rédíò kékeré àti íápíìsì. Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé Èkó ní 1935, inú wáyà ni ohùn ń gbà wọ àpótí tí ó wà nínú ilé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é, ó sì bá kútúbà mu, nítorí àwa náà kì í fèsì bí Lèmọ́mù bá wà lórí mímbárì. Ní Mọ́ṣáláṣí Haram ní Mọ́kà, àwọn àlejò ń fi rédíò FM àti íápíìsì gbọ́ ìtumọ̀ kútúbà ní èdè wọn. Àwọn mọ́ṣáláṣí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi rédíò gbé ìpè ìrun lọ sí ilé àwọn ènìyàn wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn sórí afẹ́fẹ́ láìgba àṣẹ ìjọba.

Ẹ̀kẹta ni Auracast tí ó jáde ní 2022. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò máa fọ́n ohùn sí gbogbo etí tí ó bá fẹ́ gbọ́, bí ó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo fóònù àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni ó gbà á.

Àwọn ìyá wa tí ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí wọn kò rí ẹnu Lèmọ́mù, yóò jàǹfààní nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ kù. Kí a yọ ẹ̀rọ kúrò létí kí a tó ṣe àlùwàlá. Kí a tún un ṣe kí Lèmọ́mù tó gun mímbárì, kí a má máa fi ṣeré nígbà kútúbà. Kí á má rò pé orin ni ẹni tí ó fi íápíìsì sétí ń gbọ́. Kí ẹni tí ara rẹ̀ le má fi rédíò ilé rọ́pò ẹsẹ̀ rẹ̀: ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé a kò lè jókòó sílé kí a fi rédíò tẹ̀lé Lèmọ́mù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dín ohùn íápíìsì kù, nítorí etí tí ariwo bá bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin ọlọ́rẹ, ẹni tí ó ra sìmẹ́ńtì ti ṣe dáadáa, ẹni tí ó ra kápẹ́ẹ̀tì ti ṣe dáadáa. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti rédíò díẹ̀ pẹ̀lú bátìrì wọn. Kí kọmitíì sì pe oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ọlọ́hun fi Súúrà Abasa kọ́ Ànábì wa nítorí afọ́jú kan ṣoṣo tí ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá wa tí ó dáwọ́ Jímọ̀ọ̀ dúró, òun náà fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ tí a bá ṣí mọ́ṣáláṣí yìí.

Kí Ọlọ́hun gba ọrẹ yín, kí Ó sì jẹ́ kí etí wa gbọ́ ire. Àmín.