Àgbà Ilé àti Àga Ìjókòó: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Adó-Èkìtì



Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òótọ́ ni òwe yìí, a kò sì wá láti ta kò ó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan ní alẹ́ yìí: àgbà tí òwe náà ń sọ, níbo ni ó ti lọ kí ó tó jókòó, kí ni ó sì ń wò lórí ìjókòó náà?

Ẹni tí ó mọ Èkìtì mọ̀ pé ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa. Bàbá wa àtijọ́ a jí ní kùtùkùtù, a gba ọ̀nà oko, a gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, a kọ ebè, a sì ru iṣu bọ̀ wálé. Lẹ́yìn iyán ni ó tó jókòó ní ojúde pẹ̀lú ọpọ́n ayò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn a máa jiyàn, wọn a máa rẹ́rìn-ín, bí àlejò bá sì ń lọ, bàbá a dìde, a sìn ín sọ́nà. Ìsinmi iṣẹ́ ni ìjókòó rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ìjókòó ti òde òní yàtọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé ọlọ́rọ̀ díẹ̀ ni a ti ń rí i nígbà náà. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, nígbà tí ó sì yá, àwòrán wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí a bá ń bẹ àwọn àgbà ìjọ wò ní Òkèṣà, ní Ìjìgbò tàbí ní Ajílòsùn, bàbá tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ni a ń bá, tí ó jókòó láti ìgbà tí àdúrà òwúrọ̀ ti parí títí di ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ra ẹ̀rọ náà. Ọmọ-ọmọ ni ó ń bu omi. Ọ̀kadà ni ó ń gbé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń wò láti ojú fèrèsé. Bí ó bá sì fẹ́ dìde, gbogbo ilé a wí pé, "Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ má ṣe wàhálà."

Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ ọ́. Àwa náà sì jẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa kan fẹ̀yìntì, ọkùnrin tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ yí oko ilé-ìwé ká ní òròòwúrọ̀, a dá owó jọ, a sì ra àga tìmùtìmù kan àti tẹlifíṣọ̀n fún un. Ọdún mẹ́ta kò pé tí kò fi lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. A ní ogbó ni. Dókítà ni ó là wá lójú pé ogbó nìkan kọ́. Ẹsẹ̀ tí a kò lò ni ó ti rọ.

Bí a bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ a máa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn, a sì máa lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bí àtùpà ti ń lo epo. Bí a bá jókòó fún wákàtí púpọ̀, iṣẹ́ méjèèjì a fà sẹ́yìn. Ṣúgà a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ a máa wú, okun inú ẹran ara a máa dín kù, egungun a sì máa di aláìlágbára. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀nà a là fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ a sì tètè ṣubú.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jerry Morris, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Awakọ̀ a jókòó ní gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Agbowó ọkọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn, a sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ìlú kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn agbowó tó bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, ṣé kí a wá kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dà nù ni? Rárá o. Fóònù ni a fi ń rí ojú ọmọ tí ó wà lókè òkun. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwa náà wàásù nípasẹ̀ rẹ̀. Àwòrán kò lẹ́ṣẹ̀. Ìjókòó tí kò ní dídìde ni ó lẹ́ṣẹ̀.

Ní ọdún 2020 kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí ó ti pé ọdún 65 níyànjú pé kí wọ́n máa rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ kan; kí wọ́n máa ṣe eré tí ń fún ara lókun, tí kì í sì jẹ́ kí ènìyàn ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ó kéré tán; kí wọ́n sì dín ìjókòó kù. Bí a bá pín 150 náà, ààbọ̀ wákàtí ni, ní ọjọ́ márùn-ún. Àlọ àti àbọ̀ sí ilé ọ̀rẹ́ ní àdúgbò kejì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Lẹ́yìn náà, nígbàkúùgbà tí ìpolówó ọjà bá dé lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ó di apá àga mú, kí ó dìde, kí ó jókòó, kí ó tún dìde.

Ẹ̀yin Olóyè, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bẹ̀ wa pọ̀ sí. Ní ìlú wa, a ti ka ẹsẹ̀ rírìn sí àmì òṣì. Bí ẹni ńlá bá ń fi ẹsẹ̀ rìn, a ó ní ọkọ̀ rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bí olóyè bá fi ẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò rẹ̀ dé ààfin Èwí, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ìtìjú náà yóò kúrò lára gbogbo wa. Ẹ̀yin ọmọ pẹ̀lú, òfin karùn-ún kò ní kí a so bàbá mọ́ àga. Mósè pé ọgọ́fà ọdún kí ó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè Nébò. Ẹ máa bá àwọn àgbà yín rìn, ọlá ni.

Nítorí náà, bí ìpàdé yìí bá ti parí, kí àwọn tí ilé wọn kò jìnnà má ṣe pe ọkọ̀. A ó jùmọ̀ rìn lọ, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ lójú ọ̀nà. A ó yà ní ilé ọ̀gá wa yẹn, a ó jókòó díẹ̀ tì í, nígbà tí a bá sì ń lọ, a ó bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde, kí ó sìn wá sọ́nà.